Iyọ̀ Abẹ́ Jíìpù

Lóṣù Keje èṣí, ẹrẹ̀ Ọbantókò
di ọ̀kadà wa lẹ́sẹ̀ mú bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá òun lọ.
A lulẹ̀: èmi, ọlọ́kadà, àti àpò agbẹ̀bí.
Obìnrin tó ń rọbí kò dúró dè mí.
Ọmọ ti ké kí n tó wọlé. Ọpẹ́ ni.
Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, bí Ṣówándé ti ń fi omi gbígbóná jó orúnkún mi,
mo ní, "Bàbá Mofẹ́, mo fẹ́ ohun tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin."

Ó ní, "Àga?"

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá mi ní mílíọ̀nù méjì.
Mo fọ́ kóló. Mo ta fìríìsà tó ti di àpótí aṣọ.
Ó di mẹ́ta ààbọ̀:
owó tó wúwo lápò,
tó fúyẹ́ lójú Lùkúmánù tó ń ta ọkọ̀ ní Kútọ̀.

"Tòkunbọ̀ ni, Mọ̀mí. Kánádà ló ti wá.
Ẹ gbọ́ ẹ́ńjìnnì, bí ẹni ń sùn!"
Jíìpù náà ń dán bí orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsọ̀ onígbàjámọ̀ dé.
Ojú mi ti rà á. Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì.

Mufutáù, mẹkáníìkì mi, kò sọ̀rọ̀.
Ó tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀,
ó ku sálúbàtà nìkan níta.
Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha irin: ká, ká, ká.
Ohun tó ń já bọ́ kì í ṣe yẹ̀pẹ̀.

"Nílùú tó ti wá," ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti abẹ́ irin,
"omi dídì ló ń bo títì nígbà òtútù,
ó ń yọ̀ ju ilá lọ.
Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i kó lè yọ́.
Iyọ̀ náà á wá gun abẹ́ ọkọ̀,
á máa jẹun níbẹ̀ bí ikán nínú àjà.
Lókè, ìyàwó. Nísàlẹ̀, òkú."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó.
Iyọ̀ tí à ń tọ́ sí ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ kẹjọ
pé kí ayé rẹ̀ dùn!
Mo yọ ọwọ́ mi kúrò nínú báàgì.

Lùkúmánù kò bínú. Ó fa nǹkan kan yọ nínú búùtù:
ọ̀pá rọ́bà, ẹnu pẹlẹbẹ, irun búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn.
"Ẹ gbà á ní èènì. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe."

Èyí tí mo padà rà, ará ilé ni.
Bàbá Ṣóyọmbọ̀, sọ̀fíyọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
ló wà á ní Ìbarà fún ọdún mọ́kànlá.
Àwọ̀ rẹ̀ bí eérú. Ilẹ̀kùn kan ti fara gbọgbẹ́.
Fèrè rẹ̀ ń dún bí ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.
Ṣùgbọ́n Mufutáù dùbúlẹ̀, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín.
Táyà tuntun, eyín rẹ̀ jìn.
A wà á gun orí àpáta Ìtòkò nínú òjò,
a tẹ bíréèkì níbi tó ga jù:
ó dúró gírí bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Bàbá pe mẹ́rin. Mo pe mẹ́ta.
A sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ti sùn, a sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ dídùn,
ilẹ̀ ń ṣú.
A parí rẹ̀ sí mẹ́ta àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún
pẹ̀lú àdéhùn kan tí kò sí nínú ìwé:
kí n máa fọn fèrè bí mo bá ń kọjá.

Òjò tún ti dé. Lánàá, aago méjì òru,
Ọbantókò pè mí. Ẹrẹ̀ gbìyànjú.
Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá a fà á díẹ̀, wọ́n jáde.
Ìgè ni ọmọ náà, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ,
mo sì wà níbẹ̀.

Láàárọ̀, mo fi ọ̀pá Kánádà ha ẹrẹ̀ pupa kúrò lára gíláàsì.
Ó mọ iṣẹ́ ṣe.
Mo gba Ìbarà lọ sílé.
Ewúrẹ́ wa ké lẹ́ẹ̀mejì.